Tapolíìnì kan kò bo ahéré ìdílé kan ní Baidoa

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ṣiṣẹ́ ibùgbé pàjáwìrì fún àwọn tó sá kúrò nílé ní Baidoa àti àwọn ìlú mìíràn ní Sòmálíà, ẹ kọ́kọ́ ṣírò kí ẹ tó pín nǹkan. Ìlànà Sphere, ìwé tí àwọn àjọ ìrànwọ́ kárí ayé ń tẹ̀ lé, ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní mítà onígun mẹ́rin 3.5 lábẹ́ òrùlé, ìyẹn ni pé ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún máa gba 17.5. Buul, ahéré roboto tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń fi ẹ̀ka igi títẹ̀ kọ́, gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó mítà 4.7 láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì kó tó gbà wọ́n. Bó bá ga ní mítà 1.8, ara rẹ̀ tí ẹ máa bò ti lé ní mítà onígun mẹ́rin 27. Tapolíìnì, ọ̀rá fífẹ̀ tí àwọn àjọ ń pín, jẹ́ mítà 4 ní fífẹ̀ àti 6 ní gígùn, ìyẹn 24 péré, etí tí ẹ máa rì mọ́lẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á dín ilé kù kí ọ̀rá lè tó o, gbogbo ìdílé á wá há sínú rẹ̀. Méjì-méjì ni kí ẹ pín. Nínú ohun èlò ibùgbé tí Red Cross ń kó fún ìdílé kan pàápàá, tapolíìnì méjì ló máa ń wà, pẹ̀lú okùn, àdá, ọkọ́, ṣọ́bìrì, ayùn, òòlù, ìṣó àti wáyà.

Ẹ má jókòó kọ́ àwọn obìnrin yẹn ní buul kíkọ́ o, wọ́n mọ̀ ọ́n jù yín lọ. Ọ̀rá ló ṣàjèjì sí wọn. Ẹní, awọ àti koríko tí wọ́n ń fi bò ó tẹ́lẹ̀ kì í bẹ̀rù ẹ̀gún, ọ̀rá ń bẹ̀rù rẹ̀. Kí wọ́n bó èèpo igi, kí wọ́n gé ẹ̀gún rẹ̀ kúrò, kí wọ́n sì fi àkísà wé gbogbo ibi tí igi méjì ti pàdé. Ẹsẹ̀ igi tó máa wọlẹ̀, ẹ fi iná jó o títí yóò fi dúdú, ikán á pẹ́ kó tó mú un. Igi fúnra rẹ̀, ẹ rà á fún wọn. Bí ẹ bá ní kí wọ́n lọ gé e nínú igbó, ìjà pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò ni ẹ ń dá sílẹ̀, obìnrin tó dá rìn lọ sí igbó sì wà nínú ewu.

Ihò onírin tó wà létí tapolíìnì ni kí ẹ dè. Bí ẹ bá nílò ibi ìdè láàárín, ẹ má dá a lu. Ẹ fi òkúta tó ń dán, tó tó ẹyin adìyẹ, sábẹ́ ọ̀rá, ẹ kó ọ̀rá jọ yí i ká, ẹ so okùn mọ́ ọn lọ́rùn. Bó bá di dandan kí ẹ kan ìṣó, ìdérí ìgò tàbí tíúbù táyà tí ẹ gé ni kó wà lábẹ́ orí rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìjì kan ṣoṣo á là á dé etí. Ẹ fà á le. Ọ̀rá tó ń lù pẹpẹ ló ń ya. Ní ìhà tí atẹ́gùn ti ń wá, ẹ rì í sínú kòtò 30 sẹ̀ǹtímítà. Ní ìhà kejì, okùn nìkan, kí wọ́n lè ká a sókè lọ́sàn-án. Ooru abẹ́ ọ̀rá burú gan-an.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀dá ló lé wọn wá, nítorí náà òjò ò kan tiwọn. Àkókò òjò márùn-ún ló kùnà léra wọn láti ìparí 2020 dé ìparí 2022. Nígbà tó di ìparí 2023, omíyalé ló tún lé èèyàn nínú ibùdó. Ẹ gbé ilẹ̀ inú ahéré ga díẹ̀, ẹ gbẹ́ gọ́tà yí i ká, kí gọ́tà náà sì ní ibi tó ń da omi sí. Gọ́tà tí kò lọ síbì kankan, adágún ni.

*

Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ṣáájú. Orí ilẹ̀ aládàáni ni ọ̀pọ̀ ibùdó Baidoa àti Mogadishu wà. Ẹ ó gbẹ́ kànga, ẹ ó kọ́ ṣáláńgá, ilẹ̀ á níye lórí, onílẹ̀ á lé wọn. Ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 2017, katakata ló wó ọ̀pọ̀ ibùdó ní ẹ̀bá Mogadishu, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló di aláìnílé lẹ́ẹ̀kejì. Kí òpó kan tó wọlẹ̀, ẹ gba ìwé àdéhùn: iye ọdún, iye oṣù ìkìlọ̀ kí wọ́n tó lè lé èèyàn, ìbuwọ́lù ìjọba àti ti àwọn àgbà, ẹ̀dà kan lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Ẹ sì wádìí bóyá onílẹ̀ gan-an ló ń bá yín sọ̀rọ̀, torí alábòójútó ibùdó tó ń gba ìpín nínú ìrànwọ́ lè pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

*

Iná ló kù láti sọ. Kí ó má bàa ràn, mítà 2 ó kéré tán láàárín ahéré méjì, àti mítà 30 tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́lé sí ní gbogbo mítà 300. Àlàfo yìí ló kọ́kọ́ máa ń lọ: ìdílé tó dé lóru ò rí ibòmíràn, ibẹ̀ ni wọ́n á kọ́ ọ sí. Nítorí náà, ẹ ti la ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ kí ẹ tó pín ti àwọn tó ti dé, ẹ sì ní ẹni tí yóò máa mú wọn débẹ̀.