Ta ló mọ̀ nípa pípàgọ́ sí òkè Gashaka-Gumti fún ìsinmi?

Olùkọ́ Ṣúúrúlérè:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará wa. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe ní Ṣúúrúlérè, ọkọ mi sì ń sọdá sí Erékùṣù Èkó lójoojúmọ́ láti lọ ṣiṣẹ́ ní Marina. Ariwo jẹnẹrétọ̀ àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ti sú àwa méjèèjì, a sì ti pinnu pé a kò ní lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kankan lọ́tẹ̀ yìí. A fẹ́ pàgọ́ sí igbó ìjọba àpapọ̀ Gashaka-Gumti, ní àwọn òkè tó wà ní ìpínlẹ̀ Taraba àti Adamawa. Ìsinmi ni a ń wá, a kò bá ẹnikẹ́ni díje. Oṣù wo ló dára jù, ibo ló yẹ kí àgọ́ wa wà, kí ló sì yẹ kí a rà ní Èkó kí a tó gbéra? Ọkọ mi ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, orúnkún sì ń yọ ọ́ lẹ́nu díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta:
Ẹ kú àárọ̀, ìyá wa. Gbàrà tí àwọn èèyàn bá ti gbọ́ pé inú igbó yẹn ni Chappal Waddi wà, òkè tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, orí rẹ̀ ni wọ́n á fẹ́ dé, bẹ́ẹ̀ sì ni gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2,419, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì ń fi rin ọ̀nà rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò gbé àárẹ̀ tuntun bọ̀ wá sí Èkó. Bí ó bá ṣe èmi ni, ìsàlẹ̀ lẹ́bàá odò, ní agbègbè abúlé Gashaka, ni n ó pàgọ́ sí, n ó sì jókòó síbẹ̀ títí ọjọ́ ìpadàbọ̀ yóò fi pé. Igbó náà lé ní kìlómítà 6,000 níbùú lóòró, nígbà tí gbogbo ìpínlẹ̀ Èkó kò tó 3,600. Kò sí ẹni tó lè rí i tán, kí wá ni ìkánjú fún? Bí ẹ bá ṣe oríire, ẹ ó gbọ́ igbe ìnàkí, irú èyí tí òyìnbó ń pè ní chimpanzee, nítorí ibẹ̀ wà lára ibi díẹ̀ tí wọ́n ṣì pọ̀ sí ní orílẹ̀-èdè wa.

Ní ti oṣù, nígbà òjò ni odò máa ń kún bo ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ èèyàn yóò ní kí ẹ lọ ní oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìíní, ṣùgbọ́n ìgbà náà ni ọyẹ́ máa ń gbé eruku láti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, yóò bo ojú òkè débi pé ẹ kò ní rí ohun tí ẹ torí rẹ̀ rìnrìn àjò, ọkọ̀ òfurufú pàápàá lè má gbéra lásìkò. Oṣù Kọkànlá ni mo fara mọ́: òjò ti dáwọ́ dúró, koríko ṣì tutù yọ̀yọ̀, ojú ọ̀run sì mọ́.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Mo gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n lórí Chappal Waddi, ṣùgbọ́n ooru ìsàlẹ̀ yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti Èkó. Bí èèyàn bá gòkè tó mítà 1,000, ooru a máa dín ní nǹkan bíi dígírì 6, ìyẹn sì ni adùn òkè. Ẹ ní kí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó mú yín lọ sí ibi tó ga díẹ̀, kí wọ́n sì bá yín ru ẹrù. Ẹ lọ sí ọjà Kàtángùà fún kóòtù àti súwẹ́tà bọ̀sìkọ̀rọ̀. Owó tí wọ́n ń gbà fún wọn ní Ìkòyí kò bójú mu. Ẹ má gbé gáàsì ìdáná, nítorí wọn kò ní jẹ́ kó wọ ọkọ̀ òfurufú, ẹ sì rántí àpò ẹ̀fọn àti oògùn ibà.

Ọ̀rọ̀ ààbò kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ẹ bá iléeṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn igbó ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá sọ̀rọ̀ kí ẹ tó sanwó ohunkóhun, ẹ bi wọ́n léèrè bí ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ náà gan-an. Láti Jalingo tàbí Yola ni ẹ ó ti wọ mọ́tò lọ sí Serti, níbi tí ọ́fíìsì igbó náà wà, ẹ má sì jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín lójú pópó.

Olùkọ́ Ṣúúrúlérè:
Ẹ ṣé púpọ̀. Ilé-ìwé kì í gba ìsinmi ní oṣù Kọkànlá, ohun tó ń dí mi lọ́wọ́ nìyẹn. Ṣé a kò lè lọ ní ìsinmi Àjíǹde?

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta:
Ó ṣeé ṣe, bí ẹ bá tètè lọ. Òjò àkọ́rọ̀ a máa fọ eruku kúrò lójú ọ̀run, ilẹ̀ tí wọ́n sun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rú ewéko tuntun. Mo yí ọ̀rọ̀ mi padà nípa ẹ̀bá odò nígbà náà: ẹ jẹ́ kí àgọ́ jìnnà sí etídò, kó sì wà lórí ilẹ̀ gíga, nítorí òjò tó rọ̀ lókè lọ́hùn-ún lè mú odò kún lóru láìjẹ́ pé ẹ̀kán kan bọ́ sórí yín.