Ọ̀túnla Ti Wà Kí A Tó Gbọ́ ‘Overmorrow’

Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé kí a ṣẹ̀dá ‘ẹ̀yìn-ọ̀la’ fún ‘overmorrow’, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí ó dúró fún ọjọ́ tí ó tẹ̀lé ọ̀la. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò fara mọ́ ọn. Ẹ̀yìn ọ̀la ti ní iṣẹ́ tirẹ̀, nítorí ọjọ́ iwájú tí ẹnikẹ́ni kò lè kà ni à ń fi pè, nígbà tí ‘overmorrow’ jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀túnla ni orúkọ ọjọ́ náà, kò sì ṣàjèjì sí ọmọdé Ìsàlẹ̀ Èkó. (Ọ̀túnla àwọn télọ̀ Mushin nìkan ni ó ń fẹ́ àlàyé.)

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sọ tiwọn nù. Ó wà nínú Bíbélì tí Myles Coverdale tẹ̀ jáde ní 1535, nínú Ìwé Tóbítì, níbi tí Tobias ti ní kí òun àti Sara gbàdúrà lónìí, lọ́la àti lọ́túnla. Èdè Jámánì àti Látìn ni Coverdale túmọ̀ láti inú wọn, ẹni tí ó bá sì ti gbọ́ ‘übermorgen’ lẹ́nu ará Jámánì yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì bá ara wọn tan. Lónìí, ọ̀rọ̀ mẹ́rin gbáko ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń tò jọ kí wọ́n tó lè sọ ohun tí àwa ń fi ẹyọ kan sọ.

Ìjẹta ni ó yẹ kí a jókòó tì. Ẹlòmíràn sọ pé nítorí ẹta tí ó wà nínú rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ni ó yẹ kí ó jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ àbúrò mi kan ní Sùúrùlérè ṣe rò ó: lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan, mo ní a ti san owó iná ní ìjẹta, ó sì kọ ọjọ́ Àìkú sínú ìwé ìnáwó ilé, nígbà tí ó jẹ́ pé ọjọ́ Ajé ni a san án. Kì í ṣe pé ọmọ náà kò mọ ìṣirò. Kò ka òní mọ́ ọn ni. Ọjọ́rú, Ìṣẹ́gun, Ajé: ó pé mẹ́ta. Bí àwọn ọlọ́jà ṣe ń ka ọrún nìyẹn, tí wọ́n ń ka ọjọ́ ọjà tòní àti èyí tí ó kàn pọ̀ kí ó tó di márùn-ún, àti bí àwọn tí wọ́n ń ṣe ìpàdé ìtàdógún ṣe ń ka mẹ́tàdínlógún. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún ìjẹta ṣe yóò ní láti tún àwọn wọ̀nyẹn ṣe pẹ̀lú.