Ṣé eyín ni, àbí àìsàn? Ẹ jẹ́ ká sọ ìrírí wa

Ìyá Àjọkẹ́, Ìbàdàn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ̀yin bàbá ọmọ. Ọ̀rọ̀ eyín ni mo gbé wá. Ní àdúgbò wa, bí ọmọ bá ti pé oṣù mẹ́fà, kò sí àìsàn tí wọn kì í di ẹ̀bi rẹ̀ ru eyín. Ara rẹ̀ gbóná, eyín ni. Ó ń ṣu omi, eyín ni. Ó ń wúkọ́, kò jẹun, kò sùn, eyín náà ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Àjọkẹ́ ni àkọ́bí mi. Kí eyín rẹ̀ tó yọ, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ débi pé aṣọ àyà rẹ̀ kì í gbẹ. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti bà, ẹnu ló ń lọ: ṣíbí, rìmóòtù, etí gèlè mi, imú bàbá rẹ̀. Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, àwọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ mọ̀. Wọ́n ń fún un ní ògì, wọ́n gbọ́ tí nǹkan ró "kín" lára ṣíbí, ni wọ́n bá ké sí mi pé kí n máa bọ̀. Mo fi ìka kàn án ní ìsàlẹ̀, láàárín gan-an. Ó mú! Ìyá gbé ọmọ sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, wọ́n ń jó yí pálọ̀ ká. Bàbá ọmọ ò lè dúró dé ìrọ̀lẹ́, ó ní kí n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ síbi iṣẹ́, ọmọ náà ò sì gbà kí a la ẹnu òun. Eyín tí kò tíì tó ẹyọ ìrẹsì ló kó gbogbo wa jọ bẹ́ẹ̀.

Ọmú mi ló kọ́kọ́ jẹ ìyà eyín náà. Ẹ̀yin tí ọmọ ti gé lọ́mú jẹ rí, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ wa nígbà tí mo lóyún ti sọ pé ká má fa ọmú yọ tipátipá, torí ìyẹn gan-an ló ń bó o. Ó ní ká ti ìka kékeré bọ igun ẹnu ọmọ, tàbí ká rọra fa ojú rẹ̀ mọ́ àyà díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á lanu kó lè mí. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo tún máa ń wò ó lójú, mi ò ní rẹ́rìn-ín, màá sọ pé "Rárá, Àjọkẹ́," màá sì gba ọmú fún ìgbà díẹ̀. Ó yé e. Ọgbọ́n ọmọ ọwọ́ pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ.

Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyí. Eyín ìsàlẹ̀ ti yọ, ti òkè ló kù, ni ara ọmọ bá gbóná lóru ọjọ́ kan. Mo ti tẹ̀mómítà bọ abíyá rẹ̀, ó lé ní 39. Mo fún un ní paracetamol gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n rẹ̀, mo bọ́ aṣọ tó nípọn kúrò lára rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ti ń wá ìkòkò àgbo. Wọ́n ní, "Eyín òkè ló fẹ́ yọ, bó ṣe máa ń ṣe bàbá rẹ̀ náà nìyẹn." Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò ná." Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní ó dáa, wọ́n sì bá mi jókòó ti ọmọ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ní ibùdó ìlera, wọ́n gún un níka, wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ sórí ike pẹlẹbẹ kékeré kan, a dúró fún bí ìṣẹ́jú 15. Ìlà méjì yọ. Ibà tí ẹ̀fọn ń fà ni! Oògùn ọlọ́jọ́ mẹ́ta ni wọ́n fún wa, àárọ̀ àti alẹ́, wọ́n sì kìlọ̀ pé ká lò ó tán kódà bí ọmọ bá ti ń ṣeré lọ́jọ́ kejì.

Eyín lè mú kí èrìgì dun ọmọ, ó lè mú kí ó máa ké, kí ara rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Kì í gbé ara ọmọ dé 38 sókè. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé ìgbà tí eyín bẹ̀rẹ̀, ìgbà náà ni ààbò tí ọmọ gbà lára ìyá rẹ̀ kó tó bí i ń dín kù. Ìgbà náà ló ń rá, tó ń ṣa ohun ilẹ̀ sẹ́nu, tó ń bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ mìíràn yàtọ̀ sí ọmú. Eyín 20 ni ọmọdé sì máa ń hù kó tó pé bí ọdún mẹ́ta. Àìsàn wo ni kò ní bá eyín kan pàdé lọ́nà?

Ẹ wá sọ tiyín.

Bàbá Àlàní, Òṣogbo

Ẹ ṣeun, Ìyá Àjọkẹ́. Mi ò lè gbàgbé ọdún 2008. Àkọ́bí wa ń hu eyín lọ́wọ́ nígbà náà. Oògùn eyín olómi kan wà tí wọ́n ń pè ní My Pikin. Paracetamol ló yẹ kó wà nínú rẹ̀, àmọ́ kẹ́míkà olóró kan, diethylene glycol, ti wọ inú rẹ̀. Àwọn ọmọ tó mu ún ò lè tọ̀ mọ́, kíndìnrín wọn dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ tó lé ní 80 ló bá a lọ. NAFDAC ní kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà, ṣùgbọ́n ti àwọn ọmọ tó ti lọ ńkọ́? Rédíò la ti gbọ́ ọ. Ìyàwó mi kàn gbá ọmọ mọ́ra ni, kò lè sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé àwọn òbí wọ̀nyẹn ò ka nǹkan sí. Wọ́n fẹ́ kí ara tu ọmọ wọn ni. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní.

Láti ìgbà náà, ohun tí wọ́n bá ti pè ní oògùn eyín kì í wọ ilé mi. Aṣọ funfun tó mọ́, tí a fi omi tútù rin, la máa ń fún ọmọ jẹ lẹ́nu. Tàbí kí n fọ ọwọ́ mi dáadáa, kí n máa fi ìka ra èrìgì rẹ̀. Bó bá di òru, èmi ni mo ń pọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ń fi ọ̀já pọn ọmọ mi, mo sì ń rìn lọ rìn bọ̀ ní kọ́rídọ̀ kí ìyá rẹ̀ lè sùn. Èémí ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn èèyàn, tó ń lọ tó ń bọ̀ lọ́rùn ẹni, ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi du yín.

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe. Ìbejì tèmi, eyín Táyé yọ, ti Kẹ́hìndé ò yọ títí ó fi lé ní oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ẹbí ti fẹ́ máa gbààwẹ̀. Kò sí nǹkan kan, oníkálukú ló ní àsìkò tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ n fi ti gìrì kún un, torí ibẹ̀ ni ọwọ́ àwọn èèyàn ti máa ń ṣìṣe. Bí ara ọmọ bá gbóná gan-an, gìrì lè mú un. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kó fi ẹ̀gbẹ́ sùn. Ẹ má ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ má da àgbo tàbí ìtọ̀ màlúù sí i lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ìtọ̀ màlúù sì lè fa ṣúgà ara ọmọ wálẹ̀ débi ikú. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí iná! Mo ti tọ́jú egbò iná lẹ́sẹ̀ ọmọ tí gìrì rẹ̀ ti lọ tipẹ́. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ìyá Àríkẹ́, Houston

Níbí, jẹ́ẹ̀lì ni wọ́n máa ń fi ra èrìgì ọmọ. Ní 2018, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé kí a má fi èyí tó ní benzocaine sí ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, torí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ má lè gbé afẹ́fẹ́ kiri ara bó ṣe yẹ. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí màmá mi nílé pé kí wọ́n sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi, torí àwọn tó ń ti ibí lọ máa ń rà á wálé.

Tèmi ti kọjá ti eyín híhù, eyín ti ń ká báyìí. Àríkẹ́ fẹ́ fi tirẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwé. Mo sọ fún un bí a ṣe ń ṣe é ní Ilé-Ifẹ̀: a máa ń di eyín náà mọ́ òkúta wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, a ó jù ú sórí òrùlé, aláǹgbá ò sì gbọdọ̀ rí i, kí òmíràn lè hù. A jáde sẹ́yìn ilé. Ó wo ògiri, ó wo abẹ́ òdòdó, ó ní, "Mọ́mì, kò sí aláǹgbá." Ó wá jù ú. Ó ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún bàbá rẹ̀ títí ó fi sùn, inú mi sì dùn débi pé omi bọ́ lójú mi.

Ìyá Àjọkẹ́, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìyá ọkọ mi ní kí n kí Bàbá Àlàní, wọ́n ní ọkọ rere ni.

Ẹni tó bi mí nípa ọmọ tó ń ṣu omi: ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi, àti síńkì. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára páálí ORS yín. Èyí tó jẹ́ ti lítà kan, píọ́ wọ́tà onísẹ́ńtílítà 50 méjì lẹ ó pò ó mọ́, kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé. Ẹ máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀, pàápàá lẹ́yìn ìgbà tó bá yàgbẹ́. Èyí tó bá kù lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ dà á nù. Síńkì 20 mg lójúmọ́ fún ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà, 10 mg fún èyí tí kò tíì pé bẹ́ẹ̀, ó kéré tán fún ọjọ́ 10, kódà bí ìgbẹ́ bá ti dá. Ẹ má dá ọmú dúró. Bí ojú rẹ̀ bá ti jìn wọnú, tí kò tọ̀, tí ó ń sunkún tí omi ò bọ́ lójú, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí kò lè mu ọmú mọ́, ẹ má dúró di àárọ̀. Ẹ lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò tó ní mọ́tò.