Ibòòji wo ló lè bá ọkọ̀ ìgbòkun kékeré mu? Ìlọrin ni mo wà, Jẹ́bà ni mò ń gbé e lọ

Tísà Ọ̀mú-Àrán

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọkọ̀ tí mo ti ń fi yọ yín lẹ́nu láti ọjọ́ yìí ti parí, ó ku ohun kan. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa: Lightning ni, irú èyí tí àwọn Sparkman & Stephens ní Amẹ́ríkà yàwòrán rẹ̀ ní 1938. Ẹsẹ̀ bàtà 19 ni gígùn rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ 6 ààbọ̀. Nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, mo máa ń dúró létí omi wo àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Lagos Yacht Club tí wọ́n ń fi irú rẹ̀ sáré. Ẹgbẹ́ yẹn ti wà láti 1932, owó ẹgbẹ́ sì kọjá agbára tísà. Mo kàn ń wò ni. Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì ni mo wá rí ògbólógbòó kan rà, tí koríko ti hù nínú rẹ̀ lẹ́yìn ilé ẹnì kan.

Kápẹ́ńtà kan ní Tankẹ́ ló bá mi pààrọ̀ pákó abẹ́ rẹ̀ tó ti jẹrà. Wẹ́dà tó máa ń jó bẹ́ǹṣì fún ilé ẹ̀kọ́ wa nígbà kan ló ṣe tírélà kékeré tí a fi ń fà á. Ọkọ̀ yìí ò wúwo, bíi kìló 320 ni, nítorí náà Hilux àbúrò mi ń fà á láìmí gúlegúle.

Oòrùn ló kù. Ta ni mo fẹ́ ṣàlàyé oòrùn Kwara fún? Láti oṣù kejì títí òjò àkọ́rọ̀ á fi fẹsẹ̀ múlẹ̀, èèyàn kì í jókòó síta lọ́sàn-án láìnídìí, áńbọ̀sìbọ́sí lórí omi tí oòrùn á tún máa ta padà síni lójú láti ìsàlẹ̀. Ìyá àwọn ọmọ ti sọ tirẹ̀: bí kò bá sí ibòòji, òun ò bá mi débì kankan, kí n máa mú ọkọ̀ mi lọ.

Mo kọ́kọ́ ronú irin mẹ́rin pẹ̀lú tapólì lórí, bíi ti Kẹ̀kẹ́ Márúwá. Kò ṣeé ṣe. Igi tó dábùú ní ìsàlẹ̀ ìgbòkun ńlá, tí wọ́n ń pè ní búùmù, máa ń gbá láti ọ̀tún lọ sí òsì nígbàkigbà tí a bá yí ọkọ̀ padà. Díẹ̀ ló fi ga ju orí ẹni tó jókòó lọ. Irin yòówù tí mo bá rì síbẹ̀, búùmù á gbá a dànù, bóyá pẹ̀lú orí èmi náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa aṣọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa omi: ibo ni kí ibòòji yìí gbé dúró, kí sì ni kí n fi rán an?

Àlájà Oníkánópì, Ọjà Ọba

Bàbá Tísà, ẹ kú oríire ọkọ̀. Ọlọ́run á jẹ́ ká fi ṣe ayọ̀. Èmi ò mọ̀ nípa búùmù o, aṣọ ni iṣẹ́ mi. Mo ń rán kánópì ìnáwó, mo sì ń rán ìbòrí ọkọ̀ akẹ́rù.

Ẹ má ra tapólì búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn rárá, èyí tó máa ń dún pàpàpà bí atẹ́gùn bá fẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn kan, oòrùn á ti jẹ ẹ́ débi pé á máa bọ́ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ yín. Rọ́bà kánópì tó nípọn ń pẹ́ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo, kì í sì í jẹ́ kí ooru jáde. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti jókòó sábẹ́ rẹ̀ níbi ìnáwó ní aago méjì ọ̀sán. Kánfásì ni kẹ́ ẹ rà, èyí tí òwú àti pọliẹ́sítà jọ wà nínú rẹ̀. Bí owó bá wà, aṣọ kan wà tí àwọn òyìnbó ń pè ní Sunbrella, akirílíìkì ni. Wọ́n ti pa òwú rẹ̀ láró kí wọ́n tó hun ún, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè ṣá. Ó wọ́n, mi ò ní purọ́.

Ohun tí àwọn èèyàn kì í béèrè ni òwú ìránṣọ, òun ló sì ń kọ́kọ́ kú. Aṣọ á ṣì lágbára dáadáa, ojú ìrán á ti ya. Òwú lásán máa ń jẹrà bó bá ń tutù tó ń gbẹ, náílọ́ọ̀nù ò sì fẹ́ràn oòrùn. Pọliẹ́sítà tó nípọn ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fi rán an, irú èyí tí àwọn tó ń rán àga mọ́tò ní Táíwò ń lò.

Ẹ má jẹ́ kí télọ̀ gé etí rẹ̀ ní gbọọrọ bí aṣọ tábìlì. Kó gé e kó tẹ̀ wọnú díẹ̀ láàárín igun kan sí èkejì. Bí ẹ bá wá fa igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, etí á le gbandi, kò ní máa gbọ̀n. Aṣọ tó bá ń gbọ̀n ló ń ya. Ibi tí ojú irin, ìyẹn òrùka tí okùn ń gbà kọjá, bá máa wọlé sí, kí wọ́n fi aṣọ mìíràn kún un ní ìlọ́po mẹ́ta kí wọ́n tó lù ú.

Ní ti àwọ̀, funfun ń dá ooru padà ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ń là á kọjá, dúdú ń dá ìmọ́lẹ̀ dúró ṣùgbọ́n ó ń gba ooru sára. Àwọ̀ iyanrìn ni mo máa ń fún àwọn tó bá bi mí.

Ọmọ Ọ̀fà L'Ékòó

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Inú mi dùn gan-an láti rí Lightning tó jáde kúrò nínú koríko. Ẹni mẹ́ta ló ń wa ọkọ̀ yìí nínú ìdíje, èmi ni mo máa ń jókòó síwájú, nítorí náà mo mọ búùmù yẹn dáadáa. Ó mọ èmi náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ojú abẹ níkòó. Nígbà tí ìgbòkun ńlá bá wà lókè, kò sí ibòòji fún irú ọkọ̀ yìí. Fìlà tó ní okùn lábẹ́ àgbọ̀n, ẹ̀wù apá gígùn, jígí, ìpara oòrùn. Ó parí. Ìgbà tí ẹ bá ti ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ ni ibòòji kàn, búùmù tó ń bà yín lẹ́rù yẹn gan-an ni òpó àjà rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ tú ìgbòkun ńlá sílẹ̀, ẹ ká a. Okùn tí ẹ fi ń fà á sókè, ẹ so ó mọ́ ìpẹ̀kun búùmù lẹ́yìn, kí ẹ fà á kó gbé búùmù sókè kọjá orí yín. Okùn tí ẹ fi ń darí ìgbòkun, ẹ fa ìyẹn náà le sísàlẹ̀, kí búùmù má lè rìn sọ́tùn-ún sósì. Ẹ wá da aṣọ lé búùmù lórí bíi ẹni tó ń sá a, kí ẹ so etí rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ méjèèjì. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ báyẹn, á rọ̀ sí yín lójú, nítorí náà, ní iwájú àti ní ẹ̀yìn aṣọ, kí Àlájà rán ojú àpò gígùn kan kí ẹ lè ti páìpù omi bọ̀ ọ́ ní ìdábùú. Páìpù yẹn ló máa na aṣọ kó fẹ̀ ju ọkọ̀ lọ díẹ̀. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ tú u, ẹ ká aṣọ mọ́ páìpù, ẹ tì í sábẹ́ pákó iwájú.

Bí atẹ́gùn bá rọra ń fẹ́ láti ẹ̀yìn, ẹ tiẹ̀ lè fi ìgbòkun iwájú nìkan rìn pẹ̀lú ibòòji lórí.

Tísà Ọ̀mú-Àrán

Ẹ ṣeun púpọ̀. Àlájà, ẹ ti gbà mí lọ́wọ́ tapólì búlúù, mo ti ń dúnàádúrà rẹ̀ lọ́wọ́ kan ní Ìpàtà.

Jọ́gíráfì ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ, nítorí náà ẹ fara dà á fún mi. Ìlọrin wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 8.5 ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn ọ̀sán ń dúró sókè orí wa gan-an: ní àárín oṣù kẹrin àti ní ìparí oṣù kẹjọ. Ìgbà ooru tó le jù, aṣọ tó wà lókè tó, òjìji rẹ̀ á bọ́ sí abẹ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejìlá, apá gúúsù ni oòrùn ọ̀sán ti ń wo wá, òjìji á sì yà lọ sí àríwá. Ti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ ló ti ń wọlé tààrà nígbà gbogbo. Mo rò pé ó yẹ kí aṣọ kan wà tí a lè máa so mọ́ ẹ̀gbẹ́, apá kan péré, ká máa gbé e lọ sí ibi tí oòrùn bá wà. Ọkọ̀ tó wà lórí ìdákọ̀ró ń yí kiri, ilé kọ́ ni.

Ẹ̀rín-Ilé Kìkì Ẹ̀rín

Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi ń lọ sí Jẹ́bà? Ásà Dáàmù wà nílé yìí.

Tísà Ọ̀mú-Àrán

Omi tí ìwọ àti èmi ń mu ni. Mi ò lè déédéé gbé ọkọ̀ wọ̀ ọ́ láìgbàṣẹ. Máa rẹ́rìn-ín ẹ lọ.

Ará Jẹ́bà

Ẹ kú àpérò. Etí omi ni wọ́n bí mi sí, àwọn Tápà ẹlẹ́ja ni aládùúgbò wa, mo sì fẹ́ ta ko ọmọ Ọ̀fà díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, kò sí ohun tó ń jẹ́ ká máa rìn pẹ̀lú ibòòji lórí adágún dáàmù Jẹ́bà yìí. Ohun tí aṣọ bàǹtàbanta tí a so mọ́ ọkọ̀ jẹ́ ni ìgbòkun, yálà ẹ pè é bẹ́ẹ̀ tàbí ẹ ò pè é. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ìgbòkun ní okùn tí ẹ lè tú kí atẹ́gùn jáde, ibòòji ò ní. Ẹni tó sì wà lábẹ́ rẹ̀ kò rí iwájú, kò rí ojú ọ̀run. Ní oṣù kẹrin sí oṣù karùn-ún, ìlà-oòrùn ni ìjì ti ń wá. Ẹ máa rí i tí ojú ọ̀run á dúdú kìjikìji lápá ibẹ̀, atẹ́gùn á kú, gbogbo nǹkan á dákẹ́, lẹ́yìn náà ni á dé lẹ́ẹ̀kan náà, eruku ṣáájú, òjò tẹ̀lé e. Ẹni tí aṣọ ṣì wà lórí ọkọ̀ rẹ̀ nígbà yẹn, omi ni.

Nítorí náà, Bàbá, ẹ má fi kókó líle so aṣọ yẹn. Kókó tí a ń fà lẹ́ẹ̀kan tó ń tú ni kẹ́ ẹ lò ní gbogbo igun. Ní ẹ̀gbẹ́, rọ́bà inú táyà tí àwọn ọlọ́kadà fi ń di ẹrù dára ju okùn lọ, torí ó ń fà díẹ̀ bí atẹ́gùn bá gbé aṣọ, kò ní fa ojú irin ya. Ẹ dán an wò nílé lórí tírélà: bí ìyá kò bá lè tú gbogbo rẹ̀ kó tó ka ọgọ́ta, kò tíì dáa. Iwájú ni kẹ́ ẹ so ìdákọ̀ró mọ́, kí ọkọ̀ lè kọjú sí atẹ́gùn, kí atẹ́gùn wọlé níwájú jáde lẹ́yìn. Ẹ má dí orí méjèèjì pa nítorí oòrùn. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, ibẹ̀ ni ẹ máa gbà jáde.

Ẹ̀wù ìléfòó, ẹ wọ̀ ọ́ sábẹ́ ibòòji náà. Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lápá Pàtígì ní oṣù kẹfà 2023, tí ọkọ̀ àwọn tó ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó dànù tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn kú, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ fún mi pé ooru ń mú òun.

Ọ̀rọ̀ kan tí kò kan ibòòji: òpó ìgbòkun yín gùn bíi ẹsẹ̀ 26. Wáyà iná ńláńlá tó ń jáde láti dáàmù pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ gbé òpó sùn ní gbogbo ọ̀nà Bódè Sáàdú, ẹ má sì gbé e dúró létí omi láìkọ́kọ́ wo òkè. Bí òpó bá ti wà lókè, ẹ má ti tírélà sílẹ̀ fún ọmọdé láti fà. Omi tí wọ́n bá tú ní Kàǹjì, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀, omi á ga, á tún fà, nítorí náà ẹ má dákọ̀ró sí ibi tí omi ò ti jìn.

Ọmọ Ọ̀fà L'Ékòó

Ará Jẹ́bà, mo gbà fún yín. Ọ̀sà Èkó ni mo ń fi wò ó, níbi tí ọkọ̀ mìíràn ti wà nítòsí. Mo kó ọ̀rọ̀ ìgbòkun iwájú yẹn kúrò nílẹ̀.

Tísà Ọ̀mú-Àrán

Ó dáa. Ìpinnu mi rèé. A ó máa wa ọkọ̀ láàárọ̀ láti aago méje, kí oòrùn tó le. Bó bá di aago mẹ́wàá, a ó dákọ̀ró, a ó na ibòòji, a ó jẹun, ìyá àwọn ọmọ á sì rí ibi sùn. A ò ní ṣí ìgbòkun mọ́ títí di aago mẹ́rin. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín sí i létí, ó ní ti kíkà dé ọgọ́ta yẹn, òun á ṣe é ní ogójì.

Aṣọ náà á jẹ́ ẹsẹ̀ 10 ní gígùn, ẹsẹ̀ 8 ní fífẹ̀ kó lè yọ sóde díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Aṣọ ẹ̀gbẹ́ kan lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ 8 sí ẹsẹ̀ 3. Mo fẹ́ fi ọparun dípò páìpù omi, torí mo ti rí páìpù tí oòrùn mú kó tẹ̀, tí kò sì padà nà mọ́. Ọparun wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní oko wa l'Ọ́mú-Àrán.

Àlájà, mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Màá gbé búùmù náà dání kí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín wọ̀n ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gé nǹkan kan.

Àlájà Oníkánópì, Ọjà Ọba

Mo ń retí yín, Bàbá. Ẹ wá lẹ́yìn ìrun Àìlà, ọmọ tó ń lu ojú irin á ti dé nígbà yẹn. Ti ọparun, ẹ yan èyí tó ti gbẹ, kí ẹ fá gbogbo ojú kókó rẹ̀ kó dán kẹ́ ẹ tó gbé e wá. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, á jẹ ojú àpò yẹn láti inú, ẹ ó sì ní èmi ni mi ò ránṣọ dáadáa.