Ọjọ́ wo ni kí n sun ọ̀dàn yìí?

Ẹ̀yin ọdẹ àti ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ igbó, ẹ jọ̀ọ́. Ekà 6 ni ilẹ̀ mi lẹ́bàá Ìgbòho, ọ̀dàn tí igi emi àti igi irú wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ máa sun koríko rẹ̀ fúnra mi kí ọyẹ́ tó mú, torí iná oṣù kejì máa ń gbóná jù.

Lọ́dún 2023, mo finá sí i ní ìparí oṣù kẹwàá. Koríko ṣì tutù, èéfín lásán ló rú. Lọ́dún 2024, mo dúró di àárín oṣù kejìlá. Mo ro ààlà yíká, mo dáná ní ìrọ̀lẹ́ kó máa jó kojú afẹ́fẹ́. Síbẹ̀, ó pa gbogbo ọmọ igi irú tí kò ga ju orúnkún lọ. Mo fi èékánná ha èèpo ọ̀kan, inú rẹ̀ ti gbẹ táútáú. Ó dùn mí gan-an, ìdí wọn ni àparò ń sá sí.

Kí lẹ máa ń wò lára koríko, kí ẹ tó mọ̀ pé ó ti gbẹ tó láti jó, tí kò sì tíì gbẹ débi tí iná rẹ̀ á pa ọmọ igi?