Èsì: "àlàkalẹ̀ ìkọrin" kọ́ ni lesson plan olùkọ́ orin

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Kubwa.

Arábìnrin wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ JSS ní Gwarinpa béèrè ibi tí òun ti lè rí lesson plan orin (ìwé tí olùkọ́ fi ń to ẹ̀kọ́ kalẹ̀ kó tó wọ kíláàsì) lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti orúkọ tí a ó máa pè é. Ọ̀gá wa láti Lọ́kọ́ja ní "àlàkalẹ̀ ìkọrin" ni, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má jiyàn. Ẹ má bínú, sà, màá jiyàn.

Ìkọrin kẹ̀! Akọrin ló ń kọrin. Olùkọ́ ń kọ́ ọmọ ní orin ni. Ohùn òkè orí "kọ́" yẹn ni gbogbo iṣẹ́ olùkọ́, òun gan-an lẹ sì gé dànù. Ẹni tó bá fi "ìkọrin" wá ohun èlò, kí ló yà á sọ́tọ̀ sí ẹni tó ń wá orin kúáyà? Bàbá tó kọ́ wa ní Yorùbá l'Ọ́fà kì í máàkì iṣẹ́ tí kò lámì. Wọ́n á dá a padà fún ọ ni, tìwé tìwé.

"Àlàkalẹ̀" ní tirẹ̀ kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹni tó kọ̀wé láti Kàdúná pé "ìlàkalẹ̀" ló tọ̀nà ni kò rò ó dáadáa. Ìlàkalẹ̀ ni iṣẹ́ títo nǹkan kalẹ̀. Àlàkalẹ̀ ni ohun tí a ti tò tán, bí àkọsílẹ̀. Ìwé tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ń buwọ́ lù, ohun tí a ti tò tán ni. Nítorí náà, "àlàkalẹ̀ ẹ̀kọ́ orin" ni tèmi.

Arábìnrin, ẹ kọ́kọ́ wo kúríkúlọ́ọ̀mù NERDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣètò kúríkúlọ́ọ̀mù, tó wà ní Sheda, l'Ábújá níbí. Abẹ́ Cultural and Creative Arts ni wọ́n fi orin sí, pẹ̀lú iṣẹ́ ọnà àti eré orí ìtàgé. Smithsonian Folkways, ilé-iṣẹ́ àwo orin kan ní Amẹ́ríkà, ní àlàkalẹ̀ ọ̀fẹ́ lórí orin oríṣiríṣi ilẹ̀. Àwọn náà ló ni àwo ìlù Yorùbá tí William Bascom, onímọ̀ àṣà ará Amẹ́ríkà, gbà sílẹ̀, tí Folkways gbé jáde ní 1953, tí ìgbìn, dùndún àti bàtá wà nínú rẹ̀. IMSLP, ilé ìkówèésí orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti 2006, ń kó ìwé orin tí ẹ̀tọ́ oníǹkan ti kúrò lórí wọn jọ. Ọ̀fẹ́ ni MuseScore náà, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ nóòtù orin, tí ẹ bá fẹ́ fúnra yín kọ ọ́.

Àmọ́ ẹ má gbé tòkèèrè wọ kíláàsì bó ṣe wà. Dùùrù ló kún inú rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ mélòó ló ní in? Tí ẹ bá fẹ́ kọ́ wọn ní gíga àti ìsàlẹ̀ ohùn, ẹ kọ mẹ́ta yìí sójú pátákó: ìgbà, igba, igbá. Dò dò, re re, re mí. Ẹ ní kí wọ́n hùn ún láìla ẹnu, kí ọmọ kan máa sọ èyí tí wọ́n hùn. Wọn ò nílò dùùrù kankan.

Ọ̀gá wa tún ní "orin" ti kó ìlù mọ́ra. Rárá, sà. Ayàn tó ń fi dùndún ki oríkì kò kọrin, kò sì sí àgbàlagbà tí mo mọ̀ tó ń pe ìlù ní orin. Ọ̀rọ̀ kan tó kó méjèèjì pọ̀, ẹni tó bá ní in kó mú un wá, kó fàmì sí i, kó sì jẹ́ ká mọ ìlú tí wọ́n ti ń sọ ọ́.