Kéwú ló mú mi dé ìdí ìwé ìròyìn òṣèré Íńdíà

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Delhi ni mo ti kàwé. Nígbà náà, lọ́jọ́ Sunday, wọ́n máa ń pàtẹ ìwé àlòkù sílẹ̀ ní Daryaganj, àdúgbò kan níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí Shama, ìwé ìròyìn kan. Mo rò pé ìwé àdúà ni, torí kéwú ni mo rí lẹ́yìn rẹ̀. Mo ṣí i, òṣèrébìnrin kan ló ń wò mí tòun ti tìróò lójú!

Urdu, èdè Íńdíà kan tí wọ́n ń fi lẹ́tà kéwú kọ, ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹni tó bá lọ ilé kéwú á lè pe Urdu díẹ̀díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń kọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìtumọ̀ ni kò yé mi. Síbẹ̀, mo ń bá ojúlùmọ̀ pàdé: waqt, wákàtí wa nìyẹn, khabar, làbárì, sabab, sábàbí. Èyí tó dá mi dúró ni adab. Ládàbù tí áfáà fi pàṣán kọ́ wa ni, àmọ́ lọ́dọ̀ tiwọn, òun náà ni wọ́n ń pe lítíréṣọ̀. Ìwé fíìmù àti adab sì ni Shama.

Yusuf Dehlvi ló dá a sílẹ̀ ní 1939. Ó kógbá sílé ní 1999. Bàbá tó tà á fún mi ní bàbá òun kì í fẹ́ kó wọlé, pé ìwé oníṣekúṣe ni. Abẹ́ ìrọ̀rí ni ìyá rẹ̀ ń fi í sí.

Irú ìjà bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Keskar di mínísítà ìròyìn Íńdíà ní 1952, orin fíìmù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá lórí rédíò ìjọba. Keskar ní orin náà ń ba ìwà jẹ́. Urdu inú rẹ̀ náà ò dùn mọ́ ọn. Àwọn ará ìlú bá yí rédíò sí Radio Ceylon, rédíò orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Sri Lanka lónìí. Nígbà tó di 1957, ìjọba fúnra rẹ̀ dá ìkànnì rédíò kan tó ń jẹ́ Vividh Bharati sílẹ̀, orin fíìmù sì padà. Kí ni wọ́n wá rí gbà?

Àgbàlagbà kan láti Ìbàdàn dá a lóhùn:

Àbúrò, o rán mi létí sinimá wa. A mọ orin Íńdíà lórí, a ò mọ ìtumọ̀. Mohabbat ni mo ń ké kiri àdúgbò. Áfáà gbọ́, ó pè mí. "Mahabba nìyẹn, ìfẹ́. Ọmọ ta lò ń bá wí?" Pàṣán mẹ́fà.